Ibi Tí Ìlù Ti Dákẹ́

Ṣómólú kì í sùn, ẹ̀yin náà mọ̀.
Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń húkọ́ láti ìrọ̀lẹ́,
ṣọ́ọ̀ṣì òkè ń lé ẹ̀mí àìmọ́ gba ojú fèrèsé wa wọlé,
ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi nísàlẹ̀ ń ṣe gbàmù-gbàmù,
ó ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú olóyè kan tí n kò mọ̀ rí.
Láàárín gbogbo èyí, ọmọ mi jókòó sórí àtẹ̀gùn,
ó fi ike méjì dí etí,
ó ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń sọ òótọ́ fún.

Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo fa okùn náà yọ.
"Ṣé ariwo ilé yìí kò tó ọ ni,
tí o tún ń ra tìrẹ kún un?"
Ó wò mí. Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.
"Bàbá, ariwo tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ yàn
kì í ṣe ariwo."
Mo ní kó lọ fọ abọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún.
Mo ń rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fádèyí láàárọ̀,
okùn ń ṣe wálawàla létí kálukú
bí aláìsàn tí wọ́n so omi mọ́.
Mo máa ń rò pé ọ̀lẹ ni.
N kò bi ara mi pé kí ló ń dùn wọ́n.
N kò rántí pé èmi náà, nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ̀,
máa ń sá bátìrì rédíò sóòrùn
kó lè gbé orin kan ṣoṣo sí i kó tó kú,
tí bàbá mi á máa pariwo pé òun ti bí wèrè sílé.

Àwa la sọ ọ́ ní Rẹ̀mílẹ́kún.
Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, ilé ṣì tutù,
a gbé iṣẹ́ lé ìkókó lọ́wọ́ kó tó lè di ọwọ́:
wá, rẹ̀ wá lẹ́kún.
Ó sì ṣe é. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó yẹ.
Ta ló bi í rí pé tìrẹ ńkọ́,
tí ẹkún bá dé, ta ni í rẹ̀ ọ́?

Lóru ọjọ́ náà, wọ́n mú iná lọ.
Ẹ̀rọ dákẹ́. Èmi kì í lè sùn tí ẹ̀rọ bá dákẹ́,
ọgbọ̀n ọdún ló fi ń lù mí sùn.
(Ẹ má rò pé n kò rí ara mi níbẹ̀.)
Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì. Mo fi ike náà sétí.
Kò ju èso ẹ̀gúsí lọ. Ìyápíìsì ni wọ́n ń pè é.
Bóyá ìyá náà ni lóòótọ́.

Ohùn ọmọkùnrin kan, èdè tí n kò gbọ́ tán,
ìlù abẹ́ rẹ̀ ń rìn bí ẹni tó mọ̀nà ilé.
Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ lé e, n kò rán an níṣẹ́.
Láìkìlọ̀, ìlù dákẹ́.
Mo já ike náà kúrò létí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.
Mo mọ irú ìdákẹ́ yẹn. Mo bá a pàdé rí
ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ní Yàbá, láago márùn-ún ìdájí,
nọ́ọ̀sì kan ń ká okùn omi jọ, kò wojú wa.

Mo ká tirẹ̀ náà jọ, mo dá a padà.
N kò mọ bó ṣe máa ń ká a.

Láàárọ̀ ó kúnlẹ̀ kí mi, ó pẹ́ kó tó dìde.
"Bàbá, ibo lẹ gbọ́ ọ dé?"
Irọ́ wá sí mi lẹ́nu, mo gbé e mì.
"Ibi tí ìlù ti dákẹ́."
"Ẹ ò dúró."
Ó ń tú kókó tí mo ta sínú okùn náà.
"Iná ń lọ, a ò mọ ìgbà tó máa dé.
Èèyàn ń lọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn,
ẹ ka ení títí dé ẹ̀rin. Ó ń padà wá.
Gbogbo ìgbà tí mo bá a débẹ̀, Bàbá,
ó ń padà wá."

Iná dé láago mẹ́wàá. N kò tíì tan ẹ̀rọ.
Mo dúró tì í, mo ń kà.
Ení.
Èjì.
Ẹ̀ta.